Ilé Onídígí Lórí Ilẹ̀ Dúdú

Mo ṣì kéré gan-an, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni, nígbà tí wọ́n ní àwọn máa kọ́ ilé ìwé fún wa ní Massè, ìlú wa. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò rí irú ayọ̀ yẹn rí! Ọkùnrin tó ya àwòrán ilé náà wá láti Kútọnu, ọmọ Yorùbá Àjàṣẹ́ ni. Ó tẹ́ ìwé rẹ̀ síwájú wa: ògiri dígí láti ilẹ̀ dókè, òrùlé pẹrẹsẹ bíi tábìlì, òpó tín-ín-rín. Lójú ẹsẹ̀ ni àwa ọmọdé ti ń jà sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ dígí.

Bàbá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni màsọ́n, ọ̀mọlé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tó máa ṣe láyé rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ilẹ̀ dúdú nìyí. Bójò bá rọ̀, á wú. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á là. Dígí yín á fọ́. Ẹ jẹ́ ká gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn, ká lo fèrèsé pákó, kí òrùlé sì dà gẹ̀rẹ́."

"Bàbá, ohun tí mo yà ni kí ẹ kọ́. Bí ẹ ò bá lè kọ́ ọ, màsọ́n pọ̀ ní Kpoulou."

Ìyá mi fà á láṣọ: "Bàbá wọn, ẹ dákẹ́, iṣẹ́ ń lọ!"

Kò dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ ti là káàkiri. Ó mú gbogbo wa dé àárín ibi tí ilé máa wà, ó na ìka sí ojú ibi tó là: "Ẹ wọ̀n bó ṣe jìn tó."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ki igi ìwọ̀nlẹ̀ rẹ̀ bọ̀ ọ́, igi tó gùn jù mí lọ. Ó tì í, ó tún tì í, ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Igi wọlẹ̀!

"Ilẹ̀ gbé e mì!" la figbe ta.

Adẹ́mu kan ní, "Ọ̀gá, ẹ má tẹ̀ lé e o!" Ẹ̀rín sọ.

Ọkùnrin náà wá yí ìwé rẹ̀ padà sí ẹ̀yìn tó mọ́. "Bàbá, ẹ máa sọ ọ́. Èmi á máa yà á."

Bàbá mi ló kọ́ ilé ìwé náà. Kò rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni mo ti mọ̀wé, àwọn ọmọ mi náà sì mọ̀wé níbẹ̀.

Lónìí, ilé onídígí ti kún ọ̀nà Adja-Ouèrè. Orí fóònù ni àwòrán wọn ń gbà dé, ẹni tó yà á ò tiẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rí. Ògiri á là, wọ́n á fi símẹ́ǹtì dí i, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Àwọn màsọ́n àgbà ṣì wà ní Massè. Mo máa ń rí wọn lọ́sàn-án lábẹ́ igi, wọ́n jókòó, ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní nǹkan kan.