Ẹni tó Ní Kí Wọ́n Máa Ti Ilẹ̀kùn

Títí di òní, tí mo bá ń gba Aradagun kọjá, imú mi ṣì máa ń wá òórùn rọ́bà tó ń yọ́. O mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọmọlángidi ni mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òórùn rọ́bà yẹn àti ti ọ̀sà máa ń dà pọ̀ sára aṣọ wa, débi pé ọmọ mi á ti mọ̀ pé mo dé kí n tó kanlẹ̀kùn. Aránṣọ ni mí; bùbá àti ìró tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni mò ń rán fún àwọn ọmọlángidi.

Ìwọ náà á rántí ìgbà tí ọmọlángidi òkèèrè ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé bí omi. Tiwa kò tà mọ́. Ni ọ̀gá wa bá ní ká máa ṣe eré fún tẹlifíṣọ̀n, kí ojú àwọn ọmọdé lè mọ́ ọmọlángidi wa, kí wọ́n sì máa bẹ ìyá wọn pé kó ra ọ̀kan. Yàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí ni wọ́n sọ di sitúdíò. Kí ariwo ọkọ̀ má baà wọlé, wọ́n to fóòmù tí a fi ń kún inú ọmọlángidi mọ́ gbogbo ògiri. Àwa mẹ́ta péré ni ẹ̀ka náà. Èmi àti obìnrin ará Ìwórò kan máa ń sùn sílẹ̀ sábẹ́ tábìlì, a ó na ọwọ́ tó wà nínú ọmọlángidi sókè. Òun ló ń fọhùn fún wọn. Ègùn ni èdè abínibí rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń ṣẹ́ Yorùbá lọ́nà tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Èkìtì kan ló ń di kámẹ́rà mú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé eré wa jáde kọjá Èkó, tí orúkọ ẹ̀ka wa sì hàn lára pátákó ẹnu ọ̀nà.

Àwọn obìnrin tó ń di ọmọlángidi sínú páálí ni ìyọnu wa. Wọ́n á ṣílẹ̀kùn yọjú, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn ọ̀hún kò ní ohun tí a lè fi tì í láti inú, ìta ni àgádágodo rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí a tún eré kan ṣoṣo ṣe nígbà keje, mo ní, “Ẹ jẹ́ kí gétímáànù máa tì wá mọ́lé. Tí a bá parí, a ó kanlẹ̀kùn.”

Ará Èkìtì ní, “Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?”

“Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀? Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́ pé ọmọlángidi á fi ẹ́ ṣọkọ?”

Ará Ìwórò ní, “Fi í sílẹ̀ jàre, ìyàwó ilé ló ń bẹ̀rù.” Ará Èkìtì fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń tì wá mọ́lé.

Ọ̀sán ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn iná ńlá tí wọ́n ń tàn sí wa ti sún mọ́ fóòmù jù, fóòmù sì gbiná. Láti ilẹ̀ tí mo sùn sí, ẹsẹ̀ ará Èkìtì ni mo rí tó yí padà, tó sáré, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Gétímáànù ti lọ ṣí géètì fún ọkọ̀ ẹrù, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Èéfín dúdú dúró lókè wa bí òrùlé kejì. Ará Ìwórò di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń fi Ègùn ké pe Ọlọ́run. Nítorí pé a sùn sílẹ̀, a rí afẹ́fẹ́ díẹ̀ fà símú. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, àwa méjì rá jáde. Ẹni tó dúró kanlẹ̀kùn fún wa kò jí mọ́.

Wọ́n ti ẹ̀ka náà pa kí oṣù tó parí. Gbogbo ènìyàn gbà pé ọ̀gá ló ní kí wọ́n máa tì wá mọ́lé. Mi ò sì sọ pé èmi ni. Ìyàwó olóògbé ń gbé ní Ọ̀tọ̀. Àǹtí ló ń pè mí, kò sì sí ọdún kan tí kì í wá kí mi, tí kì í gégùn-ún fún ọ̀gá.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sílé mi. Ó ń kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ náà. Ó béèrè pé ta ló dá àbá ilẹ̀kùn. Mo wo ilẹ̀kùn ilé mi, tí kì í wà ní títì tí mo bá ní àlejò, mo ní, “Èmi ni.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. “Mà, ọ̀gá yẹn ti kú. Kò sẹ́ni tó máa bi yín.”

“Mo mọ̀. Kọ ọ́.”

Nígbà tí ìwé náà jáde, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀ka tẹlifíṣọ̀n kógbá sílé nítorí pé ọjà yí padà. Kò sí iná. Kò sí ará Èkìtì. Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Èmi tí mo ti fi gbogbo ọdún wọ̀nyí sá pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, ó dà bíi pé mo tún gbọ́ ọwọ́ yẹn lára ilẹ̀kùn. Mo mú ìwé náà lọ sí Ọ̀tọ̀, mo ka gbólóhùn yẹn sí ìyàwó rẹ̀ létí, lẹ́yìn náà mo sọ ìyókù fún un.

Ó bi mí pé, “Kí ló sọ nígbà tí ẹ ní kí wọ́n máa tì í?”

“Ó ní tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ńkọ́.”

“Ẹ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Òun náà rẹ́rìn-ín.”

“Á rẹ́rìn-ín,” ló wí, ó sì ń nu ojú rẹ̀. “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iná ni mo yè bọ́ nínú rẹ̀, pé ohun tó kù fún mi ni kí n máa ṣọ́ra. Ìṣọ́ra mi ló jẹ́ kí obìnrin yẹn máa gégùn-ún fún ọ̀gá tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá á tún wá kí mi lọ́dún yìí. Kò pè mí ní àǹtí nígbà tí mo dìde. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ti ilẹ̀kùn títí mo fi dé ojú títì.