Lítà Omi Kan Nínú Àwẹ̀

Àwẹ̀ Rámádáànì ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì nígbà tí ọmọ mi obìnrin pè mí láti ọgbà ilé ẹ̀kọ́ pé, tó bá di ọ̀la, òun máa mu omi lítà kan nínú kíláàsì, ní ọ̀sán gangan.

Mo gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀. "Omi wo?"

"Píráátíkà ni, Bàbá mi. A fẹ́ wo ohun tí kíndìnrín ń ṣe tí èèyàn bá mu omi púpọ̀. Ẹni tó bá mu ún, a ó máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí sí ààbọ̀ wákàtí. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ wa mú."

"Ṣé o sọ fún un pé o ń gbààwẹ̀?"

"N kò tíì sọ. Màá wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ má dààmú."

Ẹni tó ní kí n má dààmú kò mọ̀ mí. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí ní yunifásítì ìjọba tó wà nílùú wa, Adó-Èkìtì. Fisiọ́lọ́jì ló ń kọ́, ìyẹn bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n sì ń kọ́ wọn ní patọ́lọ́jì, bí àìsàn ṣe ń ba ara náà jẹ́. Èmi parí sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, nítorí náà mo máa ń bi í léèrè ohun tí wọ́n kọ́. Kò sí èyí tó sọ tí ara mi kì í bù máṣọ. Ìdí oúnjẹ ló ti sọ ti ẹ̀dọ̀ èèyàn tí wọ́n fi sínú ìgò fún wọn wò. Òun jẹun tán, èmi kò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Bí ó bá mu omi yìí, àwẹ̀ bàjẹ́, kì í sì í ṣe àìsàn ló fà á. Bí kò bá mu ún, máàkì píráátíkà lọ. Mo sì mọ bí ó ṣe le tó lórí àwẹ̀. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó dákú lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n da omi sí i lójú. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni bóyá omi náà wọ òun lẹ́nu.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe uṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti tó ilé ọkọ! Àbí ẹ fẹ́ lọ bá a jókòó ní kíláàsì ni?"

Ohun tí mo ń rò gan-an nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo gé apá bùbá oníbàárà kan kúrú. N kì í gé aṣọ kúrú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo rìn dé oríta Fájuyì, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí yunifásítì. Títí a fi débẹ̀ ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún olùkọ́ wọn, bóyá kí n dọ̀bálẹ̀ ni, àbí kí n kàn tẹríba.

Obìnrin kan tó wọ kóòtù funfun ló wà lẹ́nu ọ̀nà láàbù. "Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ta lẹ ń wá?"

"Ọmọ mi tó ń gbààwẹ̀ ni."

"Àwọn tó ń gbààwẹ̀ níbí pọ̀ o. Ṣé oúnjẹ lẹ gbé wá fún un ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí ní orúkọ rẹ̀, ó sì wọlé lọ pè é.

Ọmọ mi sáré jáde. "Bàbá mi! Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé o ti mu omi náà?"

Ẹ̀rín sọ nínú láàbù. Ọmọkùnrin kan tó di ike omi mú yọjú. "Bàbá, èmi ni mo ń bá a mu ún o. Ikùn mi ti fẹ́ bẹ́!"

Ọmọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá mi, tí ẹnì kan bá mu omi, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà tí kò mu nǹkan kan, kí a lè fi wéra. Ọmọkùnrin yẹn ni wọ́n fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń ráhùn òùngbẹ. Mo ní ká pààrọ̀."

"Olùkọ́ yín ńkọ́?"

"Ó ní èmi ló dáa jù. Ó ní àwọn tó kù á yọ́ omi mu."

Ó yẹ kí ara tù mí. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí ìgò méjì tí wọ́n fi ń wọn ìtọ̀ lórí tábìlì. Ti ọmọkùnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó mọ́ bí omi òjò. Ti ọmọ mi kò ju ìsàlẹ̀ ìgò lọ, ó pọ́n bíi tíì tí a kò fi wàrà sí.

"Ìyẹn nìkan? Ṣé kò sí ohun tó ṣe kíndìnrín rẹ?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni. Kò rí omi tuntun, ó wá ń ṣọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ rí gan-an nìyẹn."

"Òòyì kò kọ́ ọ? Ojú kò ṣú ọ?"

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Wọ́n ń wò wá."

Mo ní ó dàbọ̀. Mo rìn dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo jókòó.

Nígbà tí ọmọ mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, mo dúró sẹ́yìn bọ́ọ̀sì kan. Ó wà láàárín wọn, ó ń bá ọmọkùnrin yẹn jiyàn. Lójijì ọmọkùnrin náà yí padà, ó sáré gba ọ̀nà ilé ìtọ̀ lọ, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹsẹ̀ ọmọ mi. Kò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Síbẹ̀, ìṣínu ṣì jìnnà, àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ń gbé sì ga. Mo rọra tẹ̀ lé wọn, kí n rí i pé ó gùn ún dé òkè.

Ó gùn ún dé òkè. Kò wẹ̀yìn rárá tó fi ké jáde:

"Bàbá mi, mo ti dé òkè o. Ẹ máa lọ sílé!"