Sùlù Oníná Tòkunbọ̀ àti Alángbá Ọláníkẹ́

Bí ẹ bá dé Yantala ní Niamey, ní ilẹ̀ Niger, tí ẹ béèrè Sùlù oníná, wọn á fi hàn yín. Ọkùnrin tó jókòó sórí fìríìjì tó ti kú, tó ń fi ẹnu lásán tún nǹkan ṣe, òun náà nìyẹn. Ọdún kọkànlá rèé tí ìsọ̀ mi ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Èmi ń ta búta àlùwàlá àti ẹní, òun ń ta iná, fáànù àti gbogbo nǹkan oníwáyà tí àwọn òyìnbó ti lò sú ní ìlú wọn. Ọmọ Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n ibí ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní kéú níbí, gbogbo èèyàn ló sì ń bọ̀wọ̀ fún un títí ó fi kú. Ti Sùlù ni kò yé mi. Ó ní ká máa pe òun ní Àlàájì. Mẹ́kà wo? Kùtọ́nù tí ọjà rẹ̀ ti ń wá pàápàá, ẹnu ló fi ń lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló mọ̀: tòkunbọ̀. Tuntun tó wà nínú páálí, ayédèrú ni lójú rẹ̀. Èyí tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó, òun ló dáa, bó bá sì ti pẹ́ tó ni yóò ṣe yìn ín tó. Àwa náà la kúkú bà á jẹ́, torí àwa la máa ń ti tuntun sẹ́yìn, tí a ó ní, “Sùlù, bá wa wá tòkunbọ̀.”

Ó wá kan Ọláníkẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, àdúgbò Koira Kano ló ń gbé. Alángbá ló ń sìn. Alángbá o! Kì í ṣe èyí tó ń mirí lára ògiri wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ilẹ̀ òkèèrè ni, ó sanra, ẹ̀gún yí àgbọ̀n rẹ̀ ká bí irùngbọ̀n. Òyìnbó kan tó ń padà sílé ló fi í sílẹ̀ fún un. Àpótí gíláàsì ló ń gbé, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí. Ọláníkẹ́ tún fún un ní oríkì, Àlàó! Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Oòrùn ń pa gbogbo wa ní Niamey, ẹnì kan wá ń fi owó ra oòrùn fún alángbá.

Iná tí òyìnbó náà fi sílẹ̀ nínú àpótí alángbá ló fọ́, ni Ọláníkẹ́ bá wá sọ́dọ̀ Sùlù. Ó ní iná tó ń ṣiṣẹ́ oòrùn lòun ń wá, kì í ṣe iná lásán. Sùlù wọ ọ̀pá iná gígùn kan jáde lábẹ́ àwọn fáànù, ó fi etí agbádá nù ún.

“Èyí gan-an nìyí, Màdáàmù. Ilé tí wọ́n ti ń sin ejò ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti yọ ọ́. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀!”

“Ṣé tuntun ò sí?”

“Tuntun kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?”

Ó tàn án, ojú gbogbo wa mọ́lẹ̀. Ọláníkẹ́ gbé e lọ.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló padà dé, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Àlàájì, Àlàó ò jẹun mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ti fẹ́ kú.”

“Ṣé iná ń tàn?”

“Ó ń tàn.”

“Ó tán, iná ò lẹ́bi. Oúnjẹ yín ni kò dùn. Kí lẹ̀ ń fún un?”

“Tata.”

“Ẹ dín in, kí ẹ fi ata sí i. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbí nìyẹn.”

“Sùlù, pa ẹnu dé!” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà yíjú sí mi. “Màmá, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun nìkan ló máa ń gbórí sókè wò mí.”

Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu mi gbẹ. Kò ní ará kan ṣoṣo nílùú yìí.

Mo júwe Dókítà Boubacar fún un, tó ń tọ́jú màlúù àti àgùntàn ní Kirkissoye. Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti dókítà jọ lọ sílé Ọláníkẹ́. Sùlù tẹ̀ lé wa. Ta ló pè é? Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ba iná òun lórúkọ jẹ́.

Dókítà la ẹnu alángbá wò, ó rọra tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wá fi Hausa béèrè pé, “Iná yìí ti tó ìgbà wo?”

Ọláníkẹ́ ò tíì la ẹnu tí Sùlù fi já a gbà. “Ọdún mẹ́fà ní Bẹ́ljíọ̀mù, dókítà! Ojúlówó!”

Dókítà wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ aṣọ lórí okùn. “Ọdún mẹ́fà? Irú iná yìí, bó bá ti lo ọdún kan, ìtànṣán tí ẹran yìí ń fẹ́ ti tán nínú rẹ̀. Òun ló ń mú egungun rẹ̀ le. Tí kò bá rí i, yóò máa rù, yóò sì kọ oúnjẹ.”

“Ṣùgbọ́n ó ń tàn!”

“Ìwọ ló ń tàn fún.”

Ọláníkẹ́ ní ẹ̀bá fèrèsé lòun ń gbé e sí lójoojúmọ́ kí oòrùn lè bá a. Dókítà mirí. Ó ní gíláàsì ń dí ìtànṣán náà, ìta gbangba ló yẹ kó wà. Ó kán oògùn sí i lẹ́nu, ó ní kí wọ́n máa gbé e jáde nínú àgò onírin lówùúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí wọ́n bo apá kan kó lè ríbi sá sí, kí wọ́n sì ránṣẹ́ ra iná tuntun.

“Tuntun inú páálí,” ni dókítà wí, ó sì wo Sùlù.

Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan kí Ọláníkẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń jókòó ti àgò náà nínú ọgbà. Ní ọjọ́ kejìlá, ó pè mí lórí fóònù, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ, ẹkún ló ń sun. Mo gun kábúkábú, ọ̀kadà ìlú yìí, ọkàn mi ti sọ pé alángbá ti kú. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí tòun ti aṣọ báǹkì, ó na tata kan sí alángbá. Alángbá wò ó. Ó yí orí. Ó yọ ahọ́n, ó gbà á, ó ń rún un wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀. “Ìkẹta nìyẹn, Màmá! Ìkẹta!”

Mo padà sí ìsọ̀, mo sọ fún Sùlù. Ó fẹ̀yìn tì, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Iná mi ló mú un dúró di ìgbà tí oòrùn fi bá a.”

Mo pòṣé gígùn kan, mo yíjú sí oníbàárà mi.