Rọ́bà tí Mo So Mọ́ Fáílìn

Mo rántí ìgbà tí ìka ọwọ́ ọ̀tún mi kì í lè ká mọ́ òkèlè bí mo bá dé láti ibi iṣẹ́. Géètì àti irin fèrèsé là ń ṣe ní Sángò Ọ̀tà. Nítorí iná tí kì í dúró, ọ̀gá wa ra fáílìn oníbátìrì, ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin láìsí wáyà. Ẹ̀rọ náà dára, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ di bọ́tìnnì ẹ̀ mú pinpin ni. Bí o bá ti tú ọwọ́ báyìí, ó kú.

Ẹ̀gbọ́n kan tó wá láti Ọ̀ṣun ló kọ́ mi níṣẹ́. Òun ló kọ́ wa pé bí ẹnì kan bá fẹ́ fọwọ́ kan fáílìn tí ẹlòmíì ń lò, á kọ́kọ́ bi í pé, "Ṣé ó sùn?" Onítọ̀hún á wò ó dáadáa kó tó dáhùn pé, "Ó sùn." Ẹ̀gbọ́n ò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá. Á ní, "Ẹyin lohùn o. Irọ́ tó o bá pa nídìí fáílìn, ẹran ara ẹlòmíì ní í jẹ̀yà ẹ̀."

Èmi ọlọ́gbọ́n wá gé rọ́bà tíúbù ọ̀kadà, mo fi di bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀. Ìdẹ̀ra dé! Bí mo bá fẹ́ kó dúró, màá kàn yọ bátìrì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń kan sáárá sí mi, ọ̀gá ní òyìnbó tó ṣe é ò gbọ́n tó mi, orí mi sì wú. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Tú u, àbúrò. Ẹ̀rọ tí kò lè sùn, ọ̀tá èèyàn ni."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú."

Ojú ẹ̀ ni mo ṣe tú u. Bó ṣe kẹ̀yìn, mo tún un so. Dúdú ni rọ́bà, dúdú ni ìdìmú fáílìn, ta ni yóò rí i?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gé páìpù, bátìrì tán, fáílìn dákẹ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo lọ mu omi. Ẹ̀gbọ́n mú bátìrì tuntun wá, ó ní, "Ṣé ó sùn?" Mi ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Mo ní, "Ó sùn." Kò sùn o, rọ́bà ṣì di bọ́tìnnì ẹ̀ mọ́lẹ̀; ebi ló ń pa á. Bí bátìrì ṣe wọlé báyìí, ó jí mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́.

"Yéè! Ọwọ́ mi ò!"

Kí àwọn yòókù tó sáré dé, mo ti já rọ́bà yẹn, mo ti jù ú sápò. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀gbọ́n, síbẹ̀ ó rí mi. Nígbà tí ọ̀gá béèrè, mo ní ẹ̀gbọ́n ló ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì. Ó gbọ́ mi, ó kàn tẹjú mọ́ àpò mi. Ìka mẹ́ta ló lọ lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀. Ọ̀gá ní àìṣọ́ra ẹ̀ ló fà á, ó ní kó máa lọ sílé. Wọ́n ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Èmi sọ òkò tán, mo tún purọ́ mọ́ ẹni tó bà pé òun ló sọ ọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo yà ra ìṣó ní Àtàn, àṣé ẹ̀gbọ́n ló ń tà á. Èèyàn méjì wà níwájú mi. Ọwọ́ òsì ló fi ń na ọjà sí wọn, ó sì ń bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan: "Ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni mo fi fún yín." Ó wá kàn mí. Ó gbójú sókè, ó mọ̀ mí. Ó fi ọwọ́ òsì na ìṣó sí mi, kò sì bẹ̀ mí.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á. Ìka márààrún ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ká mọ́ òkèlè wẹ́rẹ́ báyìí. Ìdẹ̀ra tí mo wá náà nìyẹn.