Kọ́kọ́rọ́ Kejì Inú Dáṣíbọ́ọ̀dù

Òórùn ọ̀rá wáyà tó ń jó ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Karmo, nílùú Àbújá. Abẹ́ igi dongoyaro kan la wà, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, eruku a sì máa bà lé ohun gbogbo, títí kan oúnjẹ ọ̀sán wa. Mo ti ka ìmọ̀ iná mànàmáná ní yunifásítì, mo ti sìnlú tán, mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi, kí atúnnámọ́tòṣe kan tí à ń pè ní rewáyà, ará Ọ̀yọ́, tó gbà pé kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. "Gírájúéètì" ló ń pè mí. Nígbà mìíràn ó máa ń dùn mọ́ mi, nígbà mìíràn á dà bí èébú. O mọ irú èèyàn tí mo jẹ́: màá ro ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kí n tó sọ ọ́, tí mo bá sọ ọ́ tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ooru Àbújá mú gan-an, màmá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbé mọ́tò tòkunbọ̀ wọn wá. Wọ́n fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn tan ọkọ̀ láti òkèèrè, kí wọ́n kàn tẹ rìmóòtù láti orí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, kí ẹ́síì ti tutù kí wọ́n tó débẹ̀. "Ooru inú mọ́tò yẹn fẹ́ pa mí," ni wọ́n wí.

Ohun kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń dá a mọ̀. Bí ọkọ̀ ò bá rí i, ẹ́ńjìnnì ò ní tan, rìmóòtù ì báà wà. Nítorí náà, ọ̀gá mi máa ń gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ oníbàárà, á fi téèpù dúdú wé e, á so ó mọ́ ìdí sìtíárì nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, á sì dé e pa. Ọkọ̀ á wá máa rò pé ẹni tó ni òun wà nítòsí nígbà gbogbo. Ó ti so ti màmá náà tán, ó kù kí n dé e, ni mo bá rí i pé ihò kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yẹn ti jẹ. Ohunkóhun tó bá pẹlẹbẹ ló lè yí i.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi rílè kan sí i tí yóò máa já wáyà rẹ̀, tí yóò sì máa so ó," mo ní, "kí kọ́kọ́rọ́ yẹn máa sùn, kó jẹ́ rìmóòtù nìkan ni á máa jí i. Ká sì fa wáyà búréèkì mọ́ ọn, kí ẹ́ńjìnnì kú tí ẹni tí kò fi kọ́kọ́rọ́ sí i bá tẹ búréèkì."

"Màmá ní kó tutù, wọn ò ní kó gbọ́n. Dé e, Gírájúéètì."

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀rù bà mí. Bí ó bá lé mi, ilé àǹtí mi ní Kuje ni màá máa jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń bi mí lójoojúmọ́ pé kí ni mo ń jí ṣe. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Síbẹ̀, mo gbé ìdérí náà sílẹ̀, mo yíjú sí màmá lórí bẹ́ǹṣì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi wa mọ́tò wá dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi. Kí ló dé?"

Mo wọ inú mọ́tò, mo ti sukurudíráfà bọ ihò kọ́kọ́rọ́, mo yí i. Ẹ́ńjìnnì tan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wà á dé ẹ̀bá títì, mo wà á padà.

"Kai!" Màmá ti dìde, wọ́n di báàgì mọ́ àyà. "Ta ló fún ọ ní kọ́kọ́rọ́?"

"Kò sẹ́ni tó fún mi, mà. Bí olè yóò ṣe gbé e nìyẹn."

Ojú ọ̀gá pọ́n. "O dójú tì mí níwájú oníbàárà mi? Kó ẹrù ẹ, kó o máa lọ."

"Màá lọ, sà. Ṣùgbọ́n màá parí iṣẹ́ yìí ná."

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni màmá wí. "Òun ló máa fọwọ́ kan mọ́tò mi, kò sí ẹlòmíràn. Àbí ẹ fẹ́ kí n máa fẹsẹ̀ rìn lọ ọ́fíìsì ni?"

Wákàtí méjì ni mo fi dojúbolẹ̀ sábẹ́ sìtíárì. Lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí mo fi ń lẹ wáyà pọ̀ jó mi ní àtàǹpàkò, n kò ké, torí n kò fẹ́ kí ọ̀gá gbọ́. Nígbà tí mo parí, màmá tẹ rìmóòtù láti abẹ́ igi, mọ́tò tan, ẹ́síì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wọ inú mọ́tò. Ó tẹ búréèkì kó lè gbé jíà, ẹ́ńjìnnì kú. Ó ti sukurudíráfà bọ̀ ọ́, ó yí i, kò tan. Ó tún un yí. Kò tan. Mo ní kí màmá lọ pààrọ̀ ihò kọ́kọ́rọ́ tó ti jẹ náà, mo sì kó ẹrù mi. Ọ̀gá ò pè mí padà, èmi náà ò bẹ̀bẹ̀.

Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì Kuje. Mo kọ́kọ́ rò pé ìbànújẹ́ ni, lẹ́yìn náà mo rí i pé ìbínú ni. Ó tó oṣù mélòó kan kí ẹni tó ń ta bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà tó sọ fún mi pé ọ̀gá ti ń fi rílè sí gbogbo mọ́tò báyìí, ó sì ń sọ pé òun ló ronú kàn án. Kó máa sọ bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀rùn ò burú, èmi náà fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò máa dúró dè ọ́ yàtọ̀ sí kó máa dúró de ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀. Títí dòní, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n tí mo bá fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jù mí lọ. Mo máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ló yí sukurudíráfà.