Tẹ́ẹ́rẹ́, Obìnrin Tó Ń Fa Páìpù Gáàsì Gba Orí Àjà

Tẹ́ẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣẹ́ ìkọ́lé ń pè é, torí ibi tí ọkùnrin bá ti há, wẹ́rẹ́ ló ń gbà á kọjá. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Aṣọ ló ń rán tẹ́lẹ̀, kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ṣe páìpù gáàsì tó ní kó wá bá òun na ọwọ́ bọ inú ògiri kan. Ọdún kọkànlá rèé, kò padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ilé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń ṣiṣẹ́. Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ fa páìpù aláwọ̀ ìyeyè, èyí tó ṣeé tẹ̀ bí okùn, láti ìta gba orí àjà, kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ògiri ilé ìdáná. Bíríkìlà tó máa dí ògiri náà ti po sìmẹ́ńtì, ó ń dúró. Inú rẹ̀ kò dùn. Ológbò màmá ti sọnù láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, òun ni màmá sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù, pé ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Bó bá kí wọn, wọn kì í dáhùn.

Tẹ́ẹ́rẹ́ gun àkàbà, ó ti orí bọ inú àjà, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Ó ti fàyà fà dé ìdajì kí ojú méjì tó tàn yòò níwájú rẹ̀. Ológbò ni. Ó dùbúlẹ̀ sórí àkísà, ọmọ mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn lọ́mú, wọn ò tíì lajú.

"Màmá," ó pè wálẹ̀, "ẹni tí ẹ ń wá wà níbí. Ó ti bímọ."

Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má dà á láàmú. Gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀gbẹ́ ṣeé gbà, àmọ́ páìpù tó ti gé kò ní tó mọ́. Bíríkìlà ní, "Ẹ ṣáà so ègé kan mọ́ ọn lókè níbẹ̀. Ta ló máa rí i?"

"Ohun tójú ò rí gan-an ni mò ń bẹ̀rù," Tẹ́ẹ́rẹ́ fèsì. "Bí oríkèé bá ń jò níbi tọ́wọ́ ò tó, ṣé ìwọ lo máa lọ dè é?"

Ó lọ gé odindi kan tó gùn dáadáa. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ yí ìtẹ́ ológbò ká, kò jẹ́ kó ṣẹ́ níbì kankan. Níbi tí ìṣó lè ti gún un lára ògiri, ó fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Orí páìpù méjèèjì nìkan ló ní oríkèé, ibi tójú ti lè rí wọn ni wọ́n sì wà. Ó fi sípánà méjì dè wọ́n, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, ó fi omi ọṣẹ ra oríkèé méjèèjì. Òun àti bíríkìlà jókòó ti aago tó ń wọn atẹ́gùn fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ aago náà ò kúrò níbi tó wà. Ọṣẹ ò hó, kò síbi tó ń jò.

"Ó yá, dí ògiri ẹ," ó sọ fún bíríkìlà.

Sìmẹ́ńtì àkọ́kọ́ ti gan. Bíríkìlà po òmíràn, ó ń súfèé.

Nígbà tí màmá ṣáná sí sítóòfù, iná búlúù yọ yíká, ó dúró ṣinṣin. Ẹyin ni wọ́n kọ́kọ́ dín. Ti bíríkìlà ni wọ́n bù ṣáájú. "Mo ṣì ọ́ rò, ọmọ mi. Má bínú."

"Ó ti tán, Màmá. Ẹ ṣáà fi ẹyin kan kún un."

Tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín débi tí ẹyin fẹ́ há a lọ́fun. Ó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù pé òun bá ìyá ọlọ́mọ tuntun lórí àjà.

"Kí ló bí?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Mẹ́rin."

"Ọlọ́run ṣeun," ó ní. "Ọkọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ara tiẹ̀ le?"