Ọta Ìbọn Tí Sójà Gbé Sétí

Ní Deira, àdúgbò ọlọ́jà kan ní Dubai, Sójà ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń pe Àmúsà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé òun ja ogun Biafra. Orúkọ yẹn kì í ná an ní kọ́bọ̀, ó sì ń mú èrè wá: onítíì kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó ń kó ẹrù lọ sí Èkó sì máa ń fi tirẹ̀ ṣíwájú.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1994, Abdulsalam, ọmọ Nàìjíríà bíi tirẹ̀, ránṣẹ́ pè é wá sí Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Ó pẹ́ tí Abdulsalam ti ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí fún Lárúbáwá arúgbó kan, ó wá fẹ́ padà sílé.

"Ọ̀gá ní kí n yan ọ̀kan, khalas, ọ̀rọ̀ parí," Abdulsalam wí. "Owó ìfẹ̀yìntì mi, tàbí àpótí ọta ìbọn àtijọ́ tí àwọn ológun tà ní gbàǹjo. Wọ́n ní àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ máa rà á lówó gọbọi. Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ bá ní kí n mú ni mo máa mú. Ta ló mọ ọta jù yín lọ?"

Wosilat, ìyàwó Abdulsalam, ti gbé ìrẹsì sílẹ̀, ẹran ńlá lórí rẹ̀. Àmúsà jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn ìyẹn, kò síbi tó lè sá sí.

Wọ́n ṣí àpótí. Bébà tí wọ́n fi di àwọn ọta náà ti gbó, idẹ wọn ti ní àwọ̀ ewé. Àmúsà mú ọ̀kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbé e sétí, ó sì rọra mì í.

Wosilat rẹ́rìn-ín. "Ẹyin là ń mì báyẹn o, Bàbá. Àbí ẹ fẹ́ dín in ni?"

Àwàdà lásán ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Àmúsà dúró sétí rẹ̀, ojú tì í. Gbogbo ogun yẹn, ìdí ààrò ló wà, tó ń mi ẹyin kí àwọn ọ̀gá ológun má baà jẹ èyí tó bàjẹ́. Ìbọn kan ṣoṣo tó gbé rí, ó bá ẹni tó fẹ́ lọ tọ̀ dì í mú ni.

Ó lè purọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣírò rẹ̀: òun ni yóò pa irọ́, Abdulsalam ni yóò sanwó rẹ̀.

"Mi ò mọ iye tó tó," ó wí, ilẹ̀ ló ń wò. "Oúnjẹ ni mo ń sè fún wọn lójú ogun. Gba owó ẹ. Kí ọ̀gá ẹ pe ọlọ́pàá wá gbé eléyìí."

Wosilat rọra kó abọ́, kó má baà dún.

Abdulsalam sìn ín dé ibi tí takisí ti ń kó èrò lọ sí Deira. Àyè ẹ̀yìn nìkan ló kù. Abdulsalam bẹ ọmọ Ìbàdàn kan tó jókòó síwájú: "Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹ̀gbọ́n mi láyè. Sójà ni wọ́n."

Kò fi ṣẹlẹ́yà. Ọmọkùnrin náà dìde kíá.

Àmúsà ò wo ibẹ̀. Ó fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àwọn tó wà lẹ́yìn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan, àyè iwájú sì ṣófo títí ọmọ Ìbàdàn fi padà jókòó.